Gíláàsì Tí Ọ̀gá Fi Ń Dé Fìlà

Nígbà tí ìjọba pinnu láti dáàbò bo ẹyẹ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n wá ọ̀gá fún wọn. Ẹyẹ kò bèèrè ọ̀gá o. Ẹyẹ kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí: ohun tí kò bá ní ọ̀gá, ta ni yóò máa jókòó sórí àga ńlá nítorí rẹ̀?

Ọkùnrin tí wọ́n mú ga, ó sì sanra débi tó yẹ. Ikùn rẹ̀ a máa ṣíwájú rẹ̀ wọ yàrá láti wò ó bóyá àyè wà. Kò mọ àdàbà yàtọ̀ sí ẹyẹlé, ṣùgbọ́n kò sí irú àga tí kò mọ̀ ọ́n jókòó sí. Wọ́n fún un ní fìlà dúdú kan tí wọ́n kan ẹyẹ wúrà mọ́ iwájú rẹ̀. Akọ̀wé kan ṣèèṣì bi í pé irú ẹyẹ wo nìyẹn, Ọ̀gá Àgbà ní, “Irú èyí tó wà lórí mi ni.” Akọ̀wé náà kò bèèrè mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, níbi tí kò ti sí fìlà.

Ilé iṣẹ́ tí Ọ̀gá bá nílẹ̀ jẹ́ ilé bíríkì onífèrèsé kékeré, tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọdán ńlá kan. Ọ̀gá wò ó, ó mi orí. Ó ní ẹni tó ń dáàbò bo ẹyẹ gbọ́dọ̀ máa rí ẹyẹ, ẹyẹ náà sì gbọ́dọ̀ máa rí i, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ni wọ́n bá wó ilé bíríkì, wọ́n kọ́ alájà mẹ́ta síbẹ̀. Gbogbo iwájú ilé náà, láti ilẹ̀ dé òrùlé, gíláàsì ni, irú èyí tí ẹni tó wà nínú ń rí ìta, ṣùgbọ́n tí ẹni tó wà níta ń rí ojú ọ̀run, igi ọdán, àti ara rẹ̀.

Ìkẹta yìí ni Ọ̀gá fẹ́ràn jù.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ojoojúmọ́, Ọ̀gá a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, a dúró níwájú gíláàsì, a yí sọ́tùn-ún, a yí sósì, a wá gbé fìlà lé orí títí ẹyẹ wúrà yóò fi dúró gangan láàárín irun ojú méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ a tò sí apá méjì. Ìgbákejì rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà lẹ́yìn, a sún mọ́ ọn díẹ̀.

“Ṣé ó bọ́ sí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ yín lórí ni, sà.”

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ààbò ẹyẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn náà ló sì máa ń parí.

Ẹni tó ń fọ gíláàsì yìí ni wọ́n ń pè ní Ìyá Gíláàsì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nílé iṣẹ́ náà, láti ayé fèrèsé kékeré. Iṣẹ́ náà ló fi ń tọ́jú ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Yàrá méjì tí wọ́n ń gbé wà lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ gan-an. Ìyá arúgbó a máa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní ìdájí, etí rẹ̀ ló fi ń mọ aago. Àdàbà ló kọ́kọ́ ń dún. Ariwo ẹ̀ga a tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni orofó méjì tó ń jẹ èso igi ọdán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bí ẹni tó gbàgbé orin láàárín. Bí orofó bá ti súfèé, ìyá arúgbó a ní, “Ó yá, ọmọ mi, ilẹ̀ ti mọ́. Gbé korobá rẹ.”

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí gíláàsì délé, Ìyá Gíláàsì bá àdàbà kan nílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti kán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ga méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olongo kan tí kò tó àtàǹpàkò. Ó dúró, ó wo òkè, ó rí igi ọdán nínú gíláàsì pẹ̀lú gbogbo ewé rẹ̀, ó sì yé e. Ẹyẹ rí ẹ̀ka, ó fẹ́ lọ bà lé e. Ẹ̀ka náà ni kò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí n ti sọ ti òfin ìwé ṣáájú. Ọjọ́ kejì tí Ọ̀gá dé ló ṣe òfin pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun fúnra òun sì fọwọ́ sí i, ìbáà ṣe ìgbálẹ̀ tó gbó. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ̀ nípa ìgbálẹ̀. Ìfọwọ́sí rẹ̀ ló fẹ́ràn. Ìfọwọ́sí náà a bẹ̀rẹ̀ bí ìkarawun ìgbín, a gòkè bí èéfín, a gba àárín ìwé kọjá bí odò, a sì parí pẹ̀lú àmì tó-tò-tó mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò lu òǹtẹ̀ rẹ̀: MO RÍ I. MO KÀ Á. MO FỌWỌ́ SÍ I. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yìí máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn.

Nítorí náà Ìyá Gíláàsì ra ìwé ẹlẹ́yìn búlúù kan, ó ń kọ ọ́: ọjọ́, irú ẹyẹ, apá gíláàsì tó kọlù. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń gbé e lọ sókè fún Ọ̀gá.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹyẹ tó kú lọ́sẹ̀ yìí ni—”

“Ṣé o kọ ọ́ sínú ìwé?”

“Mo kọ ọ́, sà.”

“Kí ni ẹnu tún ń wá níbẹ̀? Ohun tó bá ti wà nínú ìwé kì í wà lẹ́nu mọ́.” Ìkarawun ìgbín, èéfín, odò, tó-tò-tó. Òǹtẹ̀ dún gbà. “Òmíràn!”

Báyìí ni oṣù mọ́kànlá ṣe lọ.

Ní oṣù kẹfà nínú wọn, ẹsẹ̀ kan wú Ìyá Gíláàsì, kò lè gun àkàbà fún ọjọ́ mẹ́jọ. Apá òsì gíláàsì ló rí fọ̀, eruku bo apá ọ̀tún. Ẹyẹ mẹ́rin kú lápá òsì. Lápá ọ̀tún, òdo. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, òdo náà ni. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

“Màámi, ibi tó dọ̀tí, wọn kì í kọlù ú.”

“Ẹyẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó bá rí, á yà fún un. Ohun tí kò rí ló ń pa á.”

“Ṣé kí n máa fi ìdọ̀tí sílẹ̀ ni? Wọ́n á lé mi.”

Ìyá arúgbó ronú. “Fi ẹfun tò ó, tó-tò-tó, lójú gíláàsì níta. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ o. Bó bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, olongo á ní òun lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìka mẹ́ta. Má kọjá ìka mẹ́ta.”

Ó po ẹfun mọ́ sítáàṣì kí òjò má baà fọ̀ ọ́, ó gun àkàbà, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì tò ó láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, Ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé ìwé búlúù náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ọ̀sẹ̀ kan, ẹyẹ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí. Orofó méjèèjì kọ́ ìtẹ́ sórí ọdán. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni Ìyá Gíláàsì kò fi ẹfun kàn, nítorí ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti ń dé fìlà.

Ì bá ti dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà dé láti olú-iléeṣẹ́ pé Alábòójútó Àgbà, ìyá kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹyẹ láti ìgbà tí Ọ̀gá wà ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́-lé-ó-sinmi, ń bọ̀ wá wo bí ẹyẹ ṣe ń ṣe sí lábẹ́ ààbò. Ọ̀gá pe ìpàdé.

“A ó tú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ ìbílẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀,” ni Ọ̀gá wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà!” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí. Ó wá rántí nǹkan kan. “Sà, a ò ní ẹyẹ kankan nínú àgò, sà. Gbogbo wọn ló wà níta.”

“Ẹ lọ kó wọn wá.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Kí ẹyẹ tó lè gba òmìnira, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un. Bẹ́ẹ̀-ni-sà gba ọ̀dọ̀ àwọn apẹyẹ lọ, àwọn tí ilé iṣẹ́ náà ti ń lé kiri inú igbó láti ọdún yìí wá. Ó fún wọn ní lẹ́tà tí Ọ̀gá fọwọ́ sí. Inú àwọn apẹyẹ dùn. Wọ́n pe àna wọn, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ta àwọ̀n, wọ́n po àtè. Ẹyẹ tó bà lé àtè kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́, bó ṣe ń jà ló ń lẹ̀ sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, igbó ẹ̀yìn odò dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó jáde. Nígbà tí ẹyẹ kù díẹ̀ kó pé, apẹyẹ kan wá sínú ọgbà ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó fi àtè sí orí igi ọdán.

Bàbá aṣọ́nà ti kọ́kọ́ dá a dúró ní géètì, ó ní, “Níbo lò ń lọ?”

Ó fi lẹ́tà hàn án. Bàbá rí ìkarawun ìgbín, ó rí odò, ó rí tó-tò-tó mẹ́ta. Ó ṣí ọ̀nà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìyá arúgbó jókòó títí oòrùn fi kan án lójú.

“Ọmọ mi, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?”

 Ìyá Gíláàsì gbé korobá, ó lọ síbi iṣẹ́, ó bá orofó méjèèjì nìkan nínú àgò kẹrin lára mẹ́wàá tí wọ́n kó ẹyẹ sí, ìyẹ́ wọn lẹ̀ pọ̀, wọ́n ń wo ọdán.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí òun yóò dúró sí. Ayàwòrán tí wọ́n gbà fún ayẹyẹ ọjọ́ Ẹtì ní kó dúró ní àárín gbùngbùn, kí ó kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì, kí ẹyẹ fò gba orí rẹ̀ kọjá sínú ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá lọ wo ojú ọ̀run náà. Ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹfun tó-tò-tó sì bò ó bí ẹni tí ìgbóná ń bá jà.

“Ta ló ṣe mí báyìí?”

“Èmi ni, sà,” ni Ìyá Gíláàsì wí. “Nítorí ẹyẹ ni. Ẹ ti fọwọ́ sí i, sà.”

“Nù ún kúrò.”

“Sà, bí mo bá nù ún, àwọn ẹyẹ tí ẹ fẹ́ tú sílẹ̀—”

“Kọ ọ́ sínú ìwé!”

Ó jókòó sórí korobá, ó kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: *Bí a bá nu ẹfun yìí, ẹyẹ tí Ọ̀gá bá tú sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yóò kọlu gíláàsì, wọn yóò sì kú.* Ó gbé e fún un. Ọ̀gá fọwọ́ sí i lórí ẹ̀yìn Bẹ́ẹ̀-ni-sà, tó tẹ̀ ba fún un bíi tábìlì. Òǹtẹ̀ dún gbà. MO RÍ I. MO KÀ Á. MO FỌWỌ́ SÍ I.

“Ó yá, nù ún.”

Ìyá Gíláàsì wo àgò kẹrin. Ó wo gíláàsì. Ó ronú kan ìyá rẹ̀, oúnjẹ àwọn méjèèjì àti oògùn ojú ìyá náà. Ó wá gbé korobá àti aṣọ ìnulẹ̀ fún Bẹ́ẹ̀-ni-sà.

“Ẹ má bínú, sà. Èmi ò lè nù ún.”

“A ó fún ọ ní ìwé ìyọníṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé,” ni Ọ̀gá wí. “N ó fọwọ́ sí i fúnra mi.”

Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n gun àkàbà náà, nítorí náà Bẹ́ẹ̀-ni-sà bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì nu gíláàsì náà láti òkè délẹ̀, tí ó ń dáhùn “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” láti orí àkàbà sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó dán débi pé ojú ọ̀run méjì ló wà ládùúgbò náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Àlejò dé. Ó kéré lára, ó wọ bàtà onírọ́bà, ó sì di awò-òkèèrè mọ́ ọrùn. Àwọn èèyàn jókòó, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hó lẹ́yìn wọn, àgò mẹ́wàá tò níwájú wọn. Ìyá Gíláàsì dúró ní géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá aṣọ́nà, ìwé búlúù lábíyá.

Ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì, ó na apá méjèèjì.

“Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Ẹ̀yin ẹyẹ pàtàkì! Kí n tó dé, báwo ni ẹyẹ ṣe ń fò? Láìní ètò! Òmíràn á gba ìlà-oòrùn lọ, òmíràn á gba ìwọ̀-oòrùn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i! Lónìí, èmi ni ìtẹ́ wọn. Èmi ni ẹ̀ka wọn. Ẹyẹ tó bá jí láàárọ̀, tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti gbàgbé ilé nìyẹn. Ẹyẹ ìbílẹ̀, mo pàṣẹ fún yín: ẹ fò!”

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ṣí àgò kìíní. Ẹyẹ kankan kò jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n ti wà nínú àgò.

“Mo ní ẹ fò!”

Wọn kò fò. Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbá àgò náà nídìí, ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta, ó gbá wọn bí ẹni gbá erùpẹ̀ kúrò lára ẹní. Ẹyẹ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn wọn jẹ́ ariwo àti èèyàn. Iwájú wọn jẹ́ ojú ọ̀run àti igi ọdán kan tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kí lẹ̀yin náà ì bá ṣe? Wọ́n gba orí Ọ̀gá kọjá bí ayàwòrán ṣe fẹ́.

Pó.

Pó. Pó-pó. Pó-pó-pó-pó.

Ọ̀gá kì í wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá ni kò ti wẹ̀yìn mọ́. Ó gbọ́ pó-pó-pó lẹ́yìn rẹ̀, ó rò pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní àjà òkè ń pàtẹ́wọ́ ni. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tẹ orí ba díẹ̀. “Ẹ ṣeun,” ni ó wí. “Ẹ má pariwo jù, ọ̀rọ̀ ṣì kù.” Olongo kan já bọ́ sórí bàtà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti na ọwọ́ sí àgò kẹrin. Ìyá Gíláàsì kò mọ bí òun ṣe dé ibẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ó jókòó lé ẹnu àgò náà pẹ̀lú gbogbo ara, orofó méjì sì ń pa ìyẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

“Dìde!” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí. “Mo ní kó o dìde níbẹ̀!”

“Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, sà.”

Bàbá aṣọ́nà, tó ti fi ogún ọdún ṣí ọ̀nà fún gbogbo ẹni tó bá mú lẹ́tà dání, wá dúró níwájú àgò mẹ́fà tó kù, ó ká apá mọ́ àyà.

Àlejò ti dìde tipẹ́. Ó ti wà lórí eékún nísàlẹ̀ gíláàsì, ó ń gbé ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan sí etí. “Ta ló ní páálí? Èyí ò tíì kú. Ẹ gbé wọn síbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ má da omi sí wọn lẹ́nu, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n sinmi.” Ẹyẹ mọ́kàndínlógún ló kọlu gíláàsì. Mọ́kànlá kò dìde mọ́. Ó wá yí sí obìnrin tó jókòó lórí àgò. “Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé yóò rí báyìí ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ó wà nínú ìwé.”

Alábòójútó Àgbà ṣí ìwé búlúù, ó sì ń kà á sókè sétí gbogbo èèyàn, nítorí gbohùngbohùn kò tíì kú: àdàbà kan, apá òsì. Ẹ̀ga méjì, ẹnu ọ̀nà. Ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, ìkarawun ìgbín, èéfín, odò. Ó ka ojú ewé tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ yín nìyí?”

Ó yẹ kó sẹ́. Ẹni tó bá gbọ́n á sẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìfọwọ́sí náà sójú rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lẹ́wà. Ojú Ọ̀gá rọ̀.

“Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó lè kọ irú rẹ̀,” ni ó wí.

“Ó dáa. Ìgbákejì, ṣé Ọ̀gá ka ìwé yìí kó tó fọwọ́ sí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó kà á pé ẹyẹ yóò kú, ó sì tú wọn sílẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Àbí kò kà á rárá, tó wá ń lu òǹtẹ̀ pé òun kà á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí, òógùn sì bò ó.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí èwo nínú méjèèjì ló burú jù. Wọn kò rí i yanjú, nítorí náà wọ́n dá Ọ̀gá lẹ́bi méjèèjì. Ìjọba kì í lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ sílé. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òkúta, nítorí òkúta kì í kú. Wọ́n gba lẹ́tà apẹyẹ padà, wọ́n sì kó àgò mẹ́fà lọ sí igbó ẹ̀yìn odò, wọ́n ṣí wọn níbẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n dá Ìyá Gíláàsì padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún un ní ẹfun, àkàbà tuntun, àti Bẹ́ẹ̀-ni-sà láti máa di àkàbà mú. Ó tò ó ní ìka mẹ́ta-mẹ́ta láti ilẹ̀ dé òrùlé, ẹnu ọ̀nà náà kò sì gbẹ́yìn.

Àgò kẹrin nìkan ni òun fúnra rẹ̀ gbé lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fi òróró nu àtè kúrò lára orofó méjèèjì, ó tọ́jú wọn títí ìyẹ́ wọn fi gbẹ. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ìyá arúgbó na ọwọ́, ó wá ìlẹ̀kùn àgò, ó ṣí i. Ó jókòó, ó dẹ etí. Ó pẹ́ díẹ̀. Láti orí ọdán, ẹnì kan súfèé, ó gbàgbé orin láàárín.

“Ó yá, ọmọ mi,” ni ìyá arúgbó wí. “Gbé korobá rẹ.”

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ọ̀gá wá kó ẹrù rẹ̀. Ẹ rò pé wọ́n rí fìlà dúdú gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Kò fi sílẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀ lábíyá, ó dúró níwájú gíláàsì bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ẹfun nìkan ló rí. Ó fi ọwọ́ wá orí ara rẹ̀, ó gbé fìlà lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹyẹ wúrà wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó ń wo ibi tí Ọ̀gá ti ń bọ̀.

Àánú ṣe Ìyá Gíláàsì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, fìlà yín—”

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. “Ṣé o kọ ọ́ sínú ìwé?”

Ó fa ìwé búlúù yọ. Ó ku ìlà kan lójú ewé ìkẹyìn. Ó kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: *Ọ̀gá dé fìlà sódì.* Ó na ìwé sí i.

Ọ̀gá fọwọ́ sí i, ìkarawun ìgbín, èéfín, odò, tó-tò-tó. Ó lu òǹtẹ̀ gbà. Ó sì gba géètì jáde sí ìgboro, orí rẹ̀ sókè, ó ń lọ síbi òkúta.